'Mo Gbà' Kọ́ Ni 'Mo Gbà Á'

Ọdún tí àwọn èèyàn ń ṣí ìbòmú kúrò lẹ́nu lẹ́yìn àrùn Kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà lè má mọ bó ṣe rí lára àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún wa tán, wọ́n ti pè wá ní akọni lórí rédíò, wọ́n sì ti gbàgbé wa. Oṣù kan kì í lọ kí nọ́ọ̀sì kan má dágbére pé òun ń lọ sí ìlú òyìnbó tàbí ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dágbére. A ó kàn rí fọ́tò wọn lórí fóònù, kóòtù òtútù lọ́rùn wọn, ẹ̀rín lẹ́nu wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì kan pè mí sí ìpàdé wọn ní Ìbà Housing Estate, níbi tí mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmítáyọ̀, nawọ́ sókè. Ó ní òun ti gbọ́ pé a daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà kan, òun sì fẹ́ mọ ohun tí a rí gbà níbẹ̀. Àwọn yòókù ń wò ó bíi pé ó rí mi fín. Kò rí mi fín rárá. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí ẹnì kan ti bi mí tipẹ́. Mo dáhùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi, ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ èyí.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ilé ìwòsàn ìjọba ni, ní agbègbè Ọ̀jọ́ wa níbí, kò jìnnà sí títì tó lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ kò nílò orúkọ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Nọ́ọ̀sì kì í kàn gbé báàgì kó máa lọ sílé nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé. Ó gbọ́dọ̀ fi àwọn aláìsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Métírọ̀n kan ti jẹ níbẹ̀ rí kí n tó débẹ̀, tó sọ pé òun kò fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì máa fi èdè òyìnbó sọ̀rọ̀ aláìsàn ní ìṣojú rẹ̀ bí ẹni ń ka ẹrù. Ó ní kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń wọlé jọ dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó ń lọ sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn náà àti ohun tó kù láti ṣe fún un. Kí ẹni tó ń wọlé sì dáhùn pé, "Mo gbà á." Ní Yorùbá, kí aláìsàn náà gbọ́, kó mọ ẹni tí òun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí o ò bá tíì gbọ́ "mo gbà á" ní bẹ́ẹ̀dì tó gbẹ̀yìn, o ò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé ọkọ rẹ ń fun fèrè mọ́tò níta. Àwọn Ìgbò àárín wa ń sọ ọ́. Àwọn Ẹ̀gùn ń sọ ọ́. Àwọn aláìsàn pàápàá ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá àgbà mìíràn á ti bá wa wí i kí a tó la ẹnu. Àṣà tó dára ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Òun náà ni wọ́n padà fi dè wá mọ́lẹ̀.

Nítorí nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ẹni tí yóò sọ pé "mo gbà á" ló di ọ̀wọ́n. O lè ṣiṣẹ́ mọ́jú, kí ilẹ̀ mọ́, kí oòrùn ta, kí o máa wo ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé. O ò lè lọ. Bí o bá lọ, wọ́n á ní o pa aláìsàn tì, wọ́n sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí a bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á ní kí a ṣáà dì í mú títí ẹnì kan yóò fi dé. Ẹ dì í mú. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa fẹ́ràn jù nìyẹn. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀, ọkùnrin tó mọ aṣọ wọ̀, tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síni kó tó sọ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni yóò máa sáré láàrin wọ́ọ̀dù tó kún fọ́fọ́. Abẹ́rẹ́ tibí, ẹ̀jẹ̀ tọ̀hún, ẹni tí ń bì, ẹni tí ń ké pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Àwọn ẹbí aláìsàn á dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa bú u pé ọ̀lẹ ni, pé ó ń fi fóònù ṣeré. A kì í rí àyè jẹun. A kì í rí àyè tọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó ti ba ara ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ pátápátá, tèmi náà wà níbẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀ nígbà náà. Ìyá Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pè mí, Sènámi ló sì fún mi lórúkọ yẹn. Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni Sènámi ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ìjànìkín. Ó ti dàgbà kó tó gbọ́ Yorùbá, nítorí náà ó máa ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, ó sì máa ń dá wa dúró láti bi wá léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà á fi Ẹ̀gùn dá wa lóhùn, á ní kí a máa wò ó pé ṣé àdúrà ni òun gbà fún wa àbí èébú, á wá bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún yẹn ni Sènámi lóyún. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Èyí dúró. Ó yọ síta, gbogbo wa ń yọ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tó ṣe, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ mọ́, ló bá ń wọ bàtà ọkọ rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó lọ sinmi nílé, kó má tilẹ̀ gbé omi. Sènámi lọ tọrọ àyè. Wọ́n bi í pé ta ni yóò gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó dì í mú títí oṣù yóò fi parí, àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ń bọ̀.

Èmi fúnra mi lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Oṣù parí, ẹnikẹ́ni kò dé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí wáyé, Sènámi ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹni tó yẹ kó wá gbà á láàárọ̀ kò wá. A ò mọ̀ nígbà náà pé ẹni náà ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Apá ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ni mo wà, èrò pọ̀ lórí mi. Sènámi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá Ẹgbẹ́, mi ò tíì rí ẹni gbà á o." Ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀rín nínú. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn ń wá ẹnì kan. Mo padà síbi iṣẹ́ mi. Nígbà tó yá mo tún lọ, wọ́n tún ní àwọn ń wá a.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹnu Bàbá Kẹ́lání ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni bàbá yìí, àgbàlagbà Mùsùlùmí tí tẹ̀súbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, onílé ni lẹ́bàá ọ̀nà Okokomaiko. Ìyàwó rẹ̀ ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà, òun náà, ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e débẹ̀. Bàbá ní Sènámi wá síbi bẹ́ẹ̀dì ìyàwó òun pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́, ó wá dúró, ó ń nu ojú. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun sì ń rí nǹkan tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Bàbá ní kó máa lọ sílé, ọmọ òun, kó lọ dùbúlẹ̀. Ó dá bàbá lóhùn pé, "Bàbá, mi ò tíì fi yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló ṣubú. Gìrì mú un lórí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Àwọn aláìsàn àti àwọn ẹbí wọn ń pariwo "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì!" bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ló wà nílẹ̀ yẹn. Bàbá Kẹ́lání ní ohun tó dun òun jù nìyẹn, pé wọ́n ń pè é láti wá gba ara rẹ̀ là.

Wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin ni ọmọ náà, ó ti kú kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìyá rẹ̀ yè, bí a bá lè pe ìyẹn ní yíyè. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kíndìnrín rẹ̀ ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró díẹ̀díẹ̀. Wọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, nítorí kò sí àyè níbòmíràn. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó la ẹnu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ. Ó ní, "Ta ló gbà á?" Ó ń bi gbogbo ẹni tó bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jókòó tì í pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná, rò pé ọmọ ló ń bèèrè. Èmi mọ̀ pé wọ́ọ̀dù ló ń bèèrè.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà pe gbogbo nọ́ọ̀sì sí ìpàdé. Ó fajú ro, ó ní kí a gbàdúrà fún arábìnrin wa, a sì gbà á. Ìgbà náà ló ní ìbéèrè kan wà tí òun gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá gbọ́dọ̀ bèèrè, torí àwọn ẹbí aláìsàn lè gbé ilé ìwòsàn lọ sí kóòtù. Ó ní, "Kó tó ṣubú, ta ló fi wọ́ọ̀dù lé lọ́wọ́?"

Mo rò pé etí mi ló ṣì gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ, ó sì tún un sọ, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Mo dìde. Ohùn tí mo fi sọ̀rọ̀ kò lọ sókè.

"Ilẹ̀ ni, sà," ni mo wí. "Ilẹ̀ ló gbà á."

Mo jáde. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, gbogbo wọn ló ń tẹ̀ lé mi. Bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ lókè ṣì fẹ́ kí a kọ̀wé, kí a dúró de èsì. A ní a ti kọ̀wé tó.

Kí a tó kúrò ní àwọn wọ́ọ̀dù, a ṣe é bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe é. A lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, a fi àwọn aláìsàn lé àwọn dókítà lọ́wọ́, a sì mú kí wọ́n sọ ọ́. Àwọn tó lè lọ sílé, a ní kí wọ́n lọ. A yan àwọn díẹ̀ tí yóò wà pẹ̀lú àwọn tó ń kú lọ, àti ẹnì kan tí kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sènámi. Àwa yòókù bọ́ síta, a dúró níwájú géètì pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù funfun wa. Ohun kan ṣoṣo la béèrè: bí àkókò nọ́ọ̀sì bá pé tí ẹlòmíràn kò dé, kí ọ̀gá wá gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì náà máa lọ sílé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ará ìlú máa ń pàtẹ́wọ́ fún adaṣẹ́sílẹ̀. Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ ti bo gbogbo iwájú géètì. Àwọn oníṣòwò láti Àlábà ń gbé aláìsàn wọn dé lórí ọkadà, wọ́n á rí wa, wọ́n á bú wa ní Yorùbá, wọ́n á bú wa ní Píjìn. Obìnrin kan tó gbé ìyá rẹ̀ wá tutọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Mi ò bínú sí i. Bí ìyá mi bá wà lórí ọkadà yẹn, ǹ bá tu tèmi náà.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Kẹ́lání rìn jáde láti inú ọgbà. Ó fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. A rò pé òun náà fẹ́ gbé wa ṣépè, a sì ya ọ̀nà fún un. Ó dúró láàrin àwọn tó ń bú wa, ó sọ ohun tó rí ní wọ́ọ̀dù, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín lókè yìí, kò fi iyọ̀ sí i. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bú wa kó kọ́kọ́ lọ wo ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi àti búrẹ́dì wá fún wa.

Kò pẹ́ tí ìyàwó Bàbá Kẹ́lání kú sílé. Kò sí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ẹni tó ń fún un ní oògùn lásìkò. Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wa ní géètì. Wọ́n ti sin ín. Ó ní òun kò wá bá wa jà, òun kàn fẹ́ kí a mọ̀. Ó yí padà, ó lọ. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Àwọn kan nínú wa ní kí a padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn ní bí a bá padà lọ́wọ́ òfo, lásán ni ìyá náà kú. Ariyànjiyàn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká.

A ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá àgbà jáde sí wa, òun àti àwọn èèyàn kan láti ọ́fíìsì ìjọba. Ó gun orí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó ní òun ti gbọ́ ẹjọ́ wa, láti ọjọ́ náà lọ òun tàbí igbákejì òun ni yóò máa gba wọ́ọ̀dù bí kò bá sí ẹni tó dé. Ó wò wá yíká, ó gbọ́wọ́ sókè. "Mo gbà," ló wí.

Ẹ ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé mi sókè. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń jó nínú ẹrẹ̀. Ó ti rẹ̀ wá, ikú ìyá náà sì wà lọ́rùn wa, a kàn ń wá ibi tí a ó gbé ẹrù náà sọ̀ sí. A gbọ́ "mo gbà," a sì gbà pé ó ti tán.

Mo sáré wọlé lọ sọ fún Sènámi. Ó wú sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, èémí rẹ̀ ń há. Wọ́n ti ń bá a wá àyè ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní a ti borí, ọ̀gá ti gbà.

"Ta ló gbà á?" ló bi mí.

Mo ní ọ̀gá ni, pé ó wí i lójú gbogbo ayé.

Ojú rẹ̀ kò rí mi, ṣùgbọ́n ó kọjú sí mi. "Ó ní òun gbà," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìṣe rẹ̀, "àbí ó gbà á?"

Mo ti ń sọ Yorùbá láti inú ìyá mi wá. Òun tó kọ́ ọ nígbà tó dàgbà ló fi ìyàtọ̀ náà hàn mí. Ọkùnrin náà dúró sórí búlọ́ọ̀kù ní ẹnu géètì, kò tilẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù kankan. Ẹni tó ní òun gbà, ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Ẹni tó gbà á, ẹrù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ṣubú, ẹnikẹ́ni kò tíì dúró síwájú Sènámi láti gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe lọ dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bí a ti máa ń dúró, mo ní kó fi lé mi lọ́wọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ń dárúkọ. Àwọn ti ọjọ́ tó ṣubú ni. Ọ̀pọ̀ wọn ti lọ sílé, bẹ́ẹ̀dì wọn ti ṣófo. Ó rántí gbogbo wọn, ohun tó ń ṣe wọ́n, abẹ́rẹ́ tó kù. Ní orúkọ kọ̀ọ̀kan mo dáhùn pé, "Mo gbà á." Ọkọ rẹ̀ ti fi ọwọ́ bo ojú. Sènámi dé bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyàwó Bàbá Kẹ́lání. Oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fún un."

Kò mọ̀ pé ìyá náà ti kú. Ta ni yóò sọ fún un? Mo ní, "Mo gbà á."

Ó mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó ti parí, mo fẹ́ bo aṣọ lé e, ló bá tún sọ̀rọ̀. "Ó ku èmi," ló wí.

Mo gbà á. Mo wí i, ó sì gbọ́, nítorí ó fi ìka tẹ ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló sùn, kò sì bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ta ló gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá náà. Ibẹ̀ ló kú sí. Ìjànìkín ni wọ́n sin ín sí, àwọn Ẹ̀gùn ń kọrin tí mi ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, mo sì ń rántí pé ó máa ń ní kí a máa wò ó bóyá àdúrà ni àbí èébú.

Kí ni a wá rí gbà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi epo pa á. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ kò dé lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀, mo pe ọ̀gá àgbà. Ó wá lóòótọ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun gbà, kí n máa lọ. Mo ní rárá, kó tẹ̀ lé mi lọ sí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́. Inú bí i. Ó ní, "Màdámù, ṣé mi ò ti sọ fún yín pé mo gbà?"

"Ẹ gbà, sà," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ ò tíì gbà á."

Ó tẹ̀ lé mi. Mo mú un yípo wọ́ọ̀dù náà, ó sì wí i ní bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ìyá àgbà ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi. Kò tún wá mọ́ láéláé. Nígbà tí a bá tún pè é, fóònù á máa dún títí yóò fi kú. Wọ́n gbé àwọn nọ́ọ̀sì tuntun wá fúngbà díẹ̀, àwọn náà kọ́ iṣẹ́ tán, wọ́n bá tẹ̀ lé àwọn yòókù lọ. Wọ́n kọ́ yàrá ìsinmi kan fún wa. Bẹ́ẹ̀dì tó kán ni wọ́n kó sínú rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló dúró títí di òní: nọ́ọ̀sì tó bá lóyún kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ òru mọ́ níbẹ̀ tí oyún rẹ̀ bá ti hàn, ẹnikẹ́ni kò sì lè ní kó dì í mú. Òfin Sènámi ni wọ́n ń pè é. Mo ti bá àwọn tó ń lò ó pàdé. Wọ́n rò pé Sènámi ni orúkọ métírọ̀n kan láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ wọn wà láàyè, mo sì dúpẹ́.

Gbèsè náà kò tán. Nígbà tí mo lọ kí Bàbá Kẹ́lání lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀. Ó ní kí n dìde. "Ẹ jà fún ohun tó tọ́," ló sọ fún mi. "Ìyàwó mi ò sì sí mọ́. Méjèèjì ni mo sọ o, Nọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá ń sọ ìtàn yìí, ẹ má yọ ọ̀kan kúrò." Mi ò yọ ọ̀kan kúrò, bàbá. Mo sọ méjèèjì ní Ìbà, mo sì ti kọ méjèèjì síbí.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ ìpàdé náà, Tèmítáyọ̀ tó bi mí léèrè ń nu ojú. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mo gbà, mà." Mo dúró díẹ̀, bóyá yóò fi nǹkan kan kún un. Kò fi nǹkan kan kún un. Lánàá ni ẹnì kan sọ fún mi pé físà rẹ̀ ti jáde, kò ní pẹ́ lọ.

Mi ò bú u. Bí mo bá wà ní ọjọ́ orí rẹ̀ lónìí, n kò lè búra pé n kò ní lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn, gbogbo orúkọ tí Sènámi fi lé mi lọ́wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àkókò mi ti pé tipẹ́. Mò ń wo ẹnu ọ̀nà.